Kí ló ń mú kí sìláṣà ẹ̀yìn katakata máa gbọ̀n, kó sì máa sáré àsápajúdé?



Oṣù kọkànlá ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń gbóná jù. Òjò ti dá, ọyẹ́ ń bọ̀, koríko tó ga ju ènìyàn lọ sì ti ń gbẹ. Láti Kogi dé Benue, láti agbègbè Parakou lórílẹ̀-èdè Benin títí dé Techiman lórílẹ̀-èdè Ghana, olóko kajú kì í sùn dáadáa lásìkò yìí. Iná ìgbẹ́ kò mọ oko olówó yàtọ̀ sí ti mẹ̀kúnnù. Ohun tó ń gba oko sílẹ̀ ni kí wọ́n gé koríko yí i ká, kí iná tó bá dé ibẹ̀ má rí nǹkan jó. Ẹni tó ní éékà méjì lè fi àdá ṣe é. Ẹni tó ní ogójì hẹ́kítà á wá katakata, á sì wá ẹ̀rọ agékoríko tí gbogbo awakọ̀ mọ̀ sí sìláṣà.

Bí sìláṣà náà bá dákẹ́, iná lè dé kí wọ́n tó tún un ṣe. Bí kò bá sì dákẹ́ nígbà tó yẹ kó dákẹ́, abẹ rẹ̀ lè já, kó fò jáde, kó bá ọmọ tó ń da ewúrẹ́ kọjá lójú ọ̀nà. Àárín nǹkan méjì yìí ni awakọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká fi awakọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, nínú oko kajú kan lẹ́bàá Anyigba ní ìpínlẹ̀ Kogi. Ibi tí sìláṣà rẹ̀ ń gé fẹ̀ tó mítà kan àbọ̀, abẹ méjì ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó gun ọ̀kìtì ikán, abẹ kan ṣẹ́. Alágbẹ̀dẹ ìlú fi irin sípíríǹ ọkọ̀ àjàgbé rọ òmíràn fún un, ó sì mú ṣáṣá. Lọ́jọ́ kan náà, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fa ṣáàfù PTO yọ sí méjì, ó fi gíríìsì pa á, ó sì tì í padà. Láti ìgbà náà ni ìjókòó ti ń gbọ̀n rìrì. Àwọn sípánà inú àpótí ń ró. Nọ́ọ̀tì méjì ti já bọ́ sínú koríko, kò sẹ́ni tó rí wọn mọ́.

Awakọ̀ náà ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe: ó fi kún eré ẹ́ńjìnnì. Gbígbọ̀n náà dà bí ẹni pé ó rọlẹ̀. Ó rò pé òun ti rí ojútùú.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Gbogbo irin tí wọ́n so pọ̀ ló ní eré kan tó máa ń bá a jó jù. Bí eré bá ti kọjá ibẹ̀, ìdí awakọ̀ lè má mọ̀ ọ́n lára mọ́, ṣùgbọ́n agbára tó ń fa bíárìn àti bóòtù kò dínkù rárá, ńṣe ló ń pọ̀ sí i.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. PTO ni ọ̀pá tó yọ síta lẹ́yìn katakata, tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì fún irinṣẹ́. Fún irú sìláṣà yìí, 540 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ní kó máa yí. Gíábọ́ọ̀sì tó wà lórí sìláṣà ló ń bù kún eré náà. Ká ní bí PTO bá yí lẹ́ẹ̀kan, abẹ á yí lẹ́ẹ̀kan àbọ̀, a jẹ́ pé abẹ ń yí nígbà 810 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣóńṣó abẹ náà á máa sáré tó nǹkan bíi 229 kìlómítà ní wákàtí kan. Kò sí ọkọ̀ èrò tó ń sá tó bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà Lokoja sí Abuja, bó ti wù kí orí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ dàrú tó.

Wàyí o, ká ní abẹ kan fi 200 gíráàmù wúwo ju èkejì lọ. Ìyẹn kò tó ìdajì omi inú ọ̀rá kan. Bí abẹ bá ń yí ní 810, ìyàtọ̀ kékeré yẹn á máa fa gíábọ́ọ̀sì sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni pé wọ́n so ẹrù 100 kìlógíráàmù mọ́ ọn, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì méjì, tó sì ń yí po ní ìgbà mẹ́tàlá àbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì fi PTO sí 1000, abẹ á máa yí nígbà 1500, àpò sìmẹ́ǹtì méjì á sì di méje. Eré kò tíì di ìlọ́po méjì o, àmọ́ agbára tó ń fa irin ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ.

Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣe é ṣe láti sọ̀rọ̀ gbígbọ̀n láì sọ̀rọ̀ eré. Ohun tí kò dọ́gba ló bí i, eré ló ń tọ́ ọ dàgbà.

Kí orí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kó sì wà nínú àpò ẹni tó fẹ́ wọ abẹ́ ẹ̀rọ, kì í ṣe àpò ọ̀gá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń fóònù. Ẹ dúró kí abẹ dá dúró pátápátá, nítorí pé àwo irin tó gbé e wúwo, á ṣì máa yí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa PTO. Kí wọ́n fi ìtì igi tó le gbé sìláṣà tí wọ́n ti gbé sókè dúró lọ́tùn-ún lósì. Hàìdírọ́líìkì nìkan kò tó. Róbà kékeré inú fáàfù ló gbé gbogbo ẹrù yẹn dúró, ọ̀pọ̀ katakata àlòkù tó wọ Nàìjíríà sì ni apá wọn máa ń rọra sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wà á mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ṣáàfù tó ń yí. 540 ní ìṣẹ́jú kan túmọ̀ sí ìgbà mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹni tí etí aṣọ rẹ̀ kọ́ ṣáàfù tó ké, aṣọ ti wé mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Ike tó bo ṣáàfù, tí ọ̀pọ̀ ti fọ́ dànù torí pé ó ń dí wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi gíríìsì sí i, torí èyí ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀.

Ṣéènì tó rọ̀ níwájú àti lẹ́yìn sìláṣà náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ló ń dá òkúta dúró. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́ni tó ń bá ẹ̀rọ yìí wá ló kìlọ̀ pé ohun tí abẹ bá ta lè fò tó 90 mítà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá bọ́ọ̀lù kan. Ọmọ iṣẹ́ tó ń rìn tẹ̀lé sìláṣà kó lè máa ṣa igi kúrò lọ́nà ló wà níbi tó burú jù láti wà nínú oko náà.

Ìgbà wo gan-an ló ń gbọ̀n?

Ìbéèrè yìí kò nílò sípánà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í bi awakọ̀. Bó bá ń gbọ̀n látìgbà tí PTO ti bẹ̀rẹ̀ sí yí, tó sì ń pọ̀ sí i bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, nǹkan kan ni kò dọ́gba lábẹ́. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n gbé sìláṣà sókè láti yí padà ló ń gbọ̀n, tó sì dákẹ́ nígbà tó balẹ̀, ṣáàfù ni kí wọ́n fura sí. Bí kò bá gbọ̀n àfi nígbà tó bá wọ koríko tó nípọn, ó lè jẹ́ pé abẹ ti kú, tàbí pé kilọ́ọ̀ṣì tó wà lára ṣáàfù ń yọ̀, tó ń mú, tó tún ń yọ̀. Bó bá sì ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta tí kò sí ata nínú rẹ̀, bíárìn ló ń pariwo yẹn.

Abẹ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, nítorí òun ló rọrùn jù láti wò, òun náà ló sì sábà máa ń jẹ̀bi. Kí wọ́n tú méjèèjì, kí wọ́n fọ̀ wọ́n, kí wọ́n sì gbé wọn lé òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ta ẹja lọ́jà tó. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n, kí wọ́n fi okùn so igi gbọọrọ kan rọ̀ ní àárín gan-an, kí wọ́n fi abẹ kan kọ́ ìpẹ̀kun ọ̀tún, èkejì ní ìpẹ̀kun òsì, ní ìwọ̀n kan náà sí àárín. Èyí tó bá fa igi wálẹ̀ ló wúwo.

Ní ti awakọ̀ Anyigba yẹn, igi náà kò tiẹ̀ dúró rárá, ẹ̀gbẹ́ kan sọ̀ kalẹ̀ gbàgà. Abẹ àtijọ́ ti jẹ dé ìdajì, abẹ tuntun nípọn bí ọ̀kọ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bínú sí alágbẹ̀dẹ. Ohun tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ló ṣe. Ẹyọ kan ni wọ́n ní kó rọ. Méjì méjì ni wọ́n ń pààrọ̀ abẹ sìláṣà, bí táyà iwájú ọkọ̀. Èyí tó bá dára jù ni kí wọ́n ra méjì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ṣe, torí pé ọ̀rọ̀ irin sípíríǹ tún ní ẹ̀tẹ̀ nínú. Bí alágbẹ̀dẹ bá rì í sínú omi nígbà tó ṣì pọ́n, tí kò sì tún fi iná rọ̀ ọ́ díẹ̀ padà, á le, ṣùgbọ́n á gbẹ bí àwo tánganran. Ọjọ́ tó bá kọlu òkúta ni yóò fọ́, ibi tí ẹ̀là rẹ̀ máa balẹ̀ sí ni kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà jó abẹ tó là. Iná wẹ́dà ń ba agbára irin jẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó, ibẹ̀ náà ló sì máa tún ti ṣẹ́. Fáìlì àti gíráńdà dára fún pípọ́n ọn, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá pọ́n méjèèjì dọ́gba, tí wọ́n sì wọ̀n wọ́n lẹ́yìn náà.

Ohun mìíràn wà tó jọ àìdọ́gba abẹ, àmọ́ tí òṣùwọ̀n kò lè rí. Abẹ sìláṣà kò dúró gbagidi. Ó ń fì lórí bóòtù kan, kó lè fà sẹ́yìn bó bá kọlu kùkùté. Eré ló máa ń nà án síta. Bí ìpẹta tàbí okùn ọ̀rá àpò ìrẹsì bá há ọ̀kan mọ́, èkejì á nà tán, èyí tó há á ká jọ sábẹ́ àwo. Wọ́n lè dọ́gba lórí òṣùwọ̀n kí wọ́n sì máa mi gbogbo katakata. Fi igi tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ó yẹ kí méjèèjì lọ kí wọ́n sì bọ̀ láì ṣagídí. Níbẹ̀ náà ni kí wọ́n ti wo bóòtù tó gbé wọn. Bí ihò abẹ bá ti fẹ̀, tàbí tí ọrùn bóòtù bá ti jẹ, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó ní róbà tàbí píìnì tó ń dì í mú ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣa nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀kìtì ikán tó ṣẹ́ abẹ lè tẹ àwo tàbí ọ̀pá tó gbé e pẹ̀lú. Kí wọ́n gún igi kékeré kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣóńṣó abẹ, kí wọ́n fi ìlà sí i níbi tí abẹ kan ga dé, kí wọ́n sì fi ọwọ́ yí àwo náà kí abẹ kejì wá sí ibẹ̀. Bí ìyàtọ̀ rẹ̀ bá tó ìbú ìka, nǹkan kan ti tẹ̀. Kí wọ́n di àwo náà mú, kí wọ́n mì í lọ sókè-sódò àti sí ẹ̀gbẹ́. Bó bá ń jó, tí ọ́ìlì sì ń kán lábẹ́ gíábọ́ọ̀sì, bíárìn ti lọ, síìlì ti tẹ̀lé e. Bí ọ́ìlì náà bá funfun bí wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀. Àwọn bóòtù tó di gíábọ́ọ̀sì mọ́ ara sìláṣà náà ń fẹ́ sípánà, irin tó yí wọn ká sì máa ń là lẹ́yìn tí gbígbọ̀n bá ti pẹ́.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, àdánwò kan wà tó dá mẹkáníìkì lójú ju àbá lọ. Kí wọ́n tú abẹ méjèèjì sílẹ̀, kí wọ́n fi PTO yí sìláṣà lásán ní eré kékeré, kí gbogbo ènìyàn sì jìnnà. Bí gbígbọ̀n bá lọ, abẹ ló jẹ̀bi. Bí kò bá lọ, kí wọ́n fi abẹ sílẹ̀.

Ti awakọ̀ wa kò lọ tán. Ó dínkù gan-an, ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣì ń dún gbọ̀n-ún gbọ̀n-ún nígbàkigbà tó bá gbé sìláṣà sókè.

Ohun tí ọmọ iṣẹ́ ṣe láì mọ̀

Ṣáàfù PTO ní kúrọ́ọ̀sì méjì, ọ̀kan lẹ́bàá katakata, èkejì lẹ́bàá sìláṣà. Kúrọ́ọ̀sì ló jẹ́ kí ó lè tẹ̀ láì ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan. Bí ṣáàfù bá tẹ̀, kúrọ́ọ̀sì kan ṣoṣo kì í gbé eré kọjá bó ṣe gbà á. Á yára díẹ̀, á falẹ̀ díẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bó bá tẹ̀ ní ìwọ̀n dígíríì 30, eré 540 á máa rẹ̀ wálẹ̀ sí nǹkan bíi 468, á sì tún fò sókè dé nǹkan bíi 624. Kúrọ́ọ̀sì kejì ni wọ́n fi síbẹ̀ kó lè tún ohun tí àkọ́kọ́ bàjẹ́ ṣe: ìgbà tí ọ̀kan bá yára, èkejì á falẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, àmúga tó wà ní ìparí ọ̀pá inú àti èyí tó wà ní ìparí ọ̀pá òde gbọ́dọ̀ kọjú sí ibì kan náà, bí ènìyàn méjì tó tẹ́ ọwọ́ bákan náà. Bí ẹnìkan bá fa ṣáàfù yọ sí méjì láti fi gíríìsì sí i, tó sì tì í padà láì wojú àmúga, wọ́n lè ṣe àgbélébùú síra wọn. Nígbà náà, kúrọ́ọ̀sì kejì kò ní tún nǹkan ṣe mọ́, ńṣe ni á máa fi kún un. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ Anyigba ṣe nìyẹn, tọkàntọkàn, pẹ̀lú gíríìsì lọ́wọ́. Ìtọ́jú ló ń ṣe. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀dà ṣe àmì méjì sára ọ̀pá kó tó fà á yọ, tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣe é ni, ì bá tì í padà síbi tó wà.

Bí àmúga bá tọ̀nà, tó sì ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n gbé e sókè síbẹ̀, wọ́n ti gbé e ga jù ni. Kò pọn dandan kí sìláṣà gun òkè ju bó ṣe lè fo kùkùté lọ nígbà tí abẹ bá ń yí. Bó bá yẹ kó ga jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n pa PTO ná. Kí wọ́n tún wo gígùn ṣáàfù. Bó bá gùn jù, á máa ta gíábọ́ọ̀sì ní ìgbá nígbà tí sìláṣà bá gòkè. Bó bá kúrú jù, ọ̀pá inú kò ní wọnú ti òde tó, á máa jó nínú rẹ̀, ó sì lè yọ pátápátá nínú kòtò. Kúrọ́ọ̀sì tó gbẹ, ọ̀pá tó tẹ̀, píìnì tó yẹ kó dì í mú sára katakata tí wọ́n ti fi wáyà rọ́pò: gbogbo èyí ojú lè rí bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú.

Ọ̀rọ̀ bóòtù tí wọ́n ṣe kó lè já kò ṣeé fò. Àwọn sìláṣà kan ní bóòtù kan lára ṣáàfù tó máa ń gé nígbà tí abẹ bá kọlu ohun líle, kí gíábọ́ọ̀sì má baà fọ́. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni bóòtù yìí ti sú, wọ́n á fi ọ̀pá irin tàbí bóòtù líle dí ihò náà. Bóòtù kò ní já mọ́ lóòótọ́. Gíábọ́ọ̀sì ni yóò já dípò rẹ̀.

Eré tí aago kò kà

Awakọ̀ yìí tún ní ìṣòro tí kò mọ̀ pé òun ní. Aago tó ń ka eré ẹ́ńjìnnì lórí katakata rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó tà á fún ọ̀gá rẹ̀. Etí ló fi ń díwọ̀n rẹ̀, etí tó sì ti wà lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì dísù fún ọdún mẹ́wàá kì í gbọ́ ìyàtọ̀ kékeré mọ́.

Katakata kọ̀ọ̀kan ló ní eré ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ tí PTO fi ń jẹ́ 540. Wọ́n sábà máa ń sàmì sí i lójú aago náà, ó sì wà nínú ìwé rẹ̀. Kì í ṣe eré tó ga jù tí ẹ́ńjìnnì lè sá. Ẹni tó bá fa ọwọ́ epo dé ìparí ti kọjá 540.

Lórí àwọn katakata kan, wọ́n kọ 540E sára ọwọ́ PTO, ó sì jẹ́ ipò tó yàtọ̀ sí 540 lásán. Torí kí epo má baà lọ púpọ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é: PTO á dé 540 nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì sáré púpọ̀. Ó dára fún iṣẹ́ tí kò nira. Àmọ́ ká ní ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó sá 1,600 ní ipò yẹn ni awakọ̀ fà dé 2,200, PTO á ti kọjá 740, agbára tó ń fa abẹ síta á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ibẹ̀ ni ọwọ́ PTO katakata Anyigba yẹn wà. Ẹni tó wà á kẹ́yìn fi pọn omi, ó sì fi í síbẹ̀.

Ti 1000 burú jù. Ọ̀pá PTO tó jẹ́ ti 540 ní eyín mẹ́fà. Èyí tó jẹ́ ti 1000 ní eyín 21, tàbí 20 bó bá jẹ́ ọ̀pá tó sanra. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú kí eyín wọn yàtọ̀ kí irinṣẹ́ 540 má baà lè wọ ọ̀pá 1000. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi lééèsì gbẹ́ irin ní ìlú ńlá lè gbẹ́ ohun tó máa so wọ́n pọ̀ láàárín wákàtí kan, kò sì ní béèrè ìdí rẹ̀. Àwọn katakata kan sì wà tó jẹ́ pé ọ̀pá eyín mẹ́fà kan náà lè yí ní 540 tàbí 1000, ọwọ́ kékeré kan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ìwé ara ọwọ́ náà bá ti pa rẹ́, kí wọ́n wá ọ̀dà.

MTZ tí wọ́n ń ṣe ní Belarus, tó ṣì wà káàkiri ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, tún ní ipò kan tí PTO ti ń bá táyà yí dípò ẹ́ńjìnnì. Bí katakata bá ń sáré sísàlẹ̀ òkè, PTO náà á sáré. Ipò yẹn wà fún ẹ̀rọ agbingbìn àti irú rẹ̀. Kò sí ìdí tí sìláṣà fi gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ láé.

Àwọn tó ra sìláṣà àlòkù gbọ́dọ̀ wo gíábọ́ọ̀sì náà, torí pé ó lè jẹ́ ti ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n gbé lé e. Kí wọ́n yọ ṣáàfù kúrò, kí wọ́n sàmì sí abẹ kan, kí wọ́n fi ọwọ́ yí ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì nígbà mẹ́wàá, kí wọ́n sì ka iye ìgbà tí abẹ kọjá. Bó bá kọjá nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀ ni. Kí wọ́n fi wé ohun tí wọ́n kọ sára sìláṣà tàbí sínú ìwé rẹ̀.

Bí aago bá ti kú, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń fi iná ka ìyípo. Wọ́n á lẹ pépà dídán kékeré mọ́ ọ̀pá tó ń yí, wọ́n á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á tan iná náà sí i, nọ́mbà á jáde. Kò wọ́n tó gíábọ́ọ̀sì kan. Ẹgbẹ́ awakọ̀ mẹ́wàá lè dá owó ra ẹyọ kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké sókè fúnra rẹ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan epo, iṣẹ́ ti di ti ẹni tó ń tún páǹpù dísù ṣe, kí sìláṣà ṣì wà nílẹ̀.

Kí ló dé tí awakọ̀ fi ń fẹ́ eré púpọ̀? Torí pé koríko ga, abẹ sì ti kú. Bẹ́ẹ̀ jíà tó kéré ló ń tán koríko gíga. Kí PTO dúró lórí 540, kí katakata máa rìn jẹ́jẹ́, kí wọ́n sì gé e lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan lókè, lẹ́ẹ̀kan nílẹ̀. Olóko tó ń sanwó ní wákàtí kò ní fẹ́ gbọ́ èyí.

Ó ku ọ̀kan. Lórí ọ̀pọ̀ katakata àtijọ́, kilọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló wà fún jíà àti PTO. Bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti dúró, abẹ tó ṣì ń yí á máa fi agbára rẹ̀ ti katakata síwájú gba inú PTO. Ẹsẹ̀ wà lórí kilọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ ò dúró. Àwọn kan ti gba ibẹ̀ wọ ọgbà àti kòtò, wọ́n sì fi ẹ̀sùn kan bíréèkì. Ohun kan wà tí wọ́n ń fi sí ẹnu PTO, tó máa ń jẹ́ kí agbára lọ láti katakata sí sìláṣà, tí kì í jẹ́ kó padà. Fún irú katakata bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ tọ́ sí i kí owó ọ̀dà tuntun tó tọ́ sí i.

Ní Anyigba, abẹ méjì tuntun dé láti Lokoja ní ọjọ́ kejì. Wọ́n wọ̀n wọ́n, wọ́n dọ́gba. Wọ́n fa ṣáàfù yọ, wọ́n da àmúga kọjú síra, ọmọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀dà funfun sàmì sí i níbi méjì. Wọ́n yá ẹ̀rọ tó ń ka ìyípo lọ́wọ́ mẹkáníìkì kan, wọ́n gbé ọwọ́ PTO kúrò ní 540E, awakọ̀ sì ń fa epo díẹ̀díẹ̀ títí nọ́mbà fi dúró lórí 540. Níbi tí ọwọ́ epo dúró sí gan-an ló fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí lára irin. Lẹ́yìn náà ló ní kí ọmọ iṣẹ́ bọ́ sẹ́yìn igi kajú tó jìnnà jù, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó sì kọjú sí ẹ̀gbẹ́ oko tó kọjú sí ìlà oòrùn, níbi tí èéfín ti ń yọ lókèèrè.